Odindi Ọ̀rọ̀ ni Ọmọ Yìí Ń Fẹ́

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Kò sí ibi tí a ti ń lo òwe yìí tó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà pa á níbẹ̀. Olùkọ́ wọlé, ó dúró, kò sọ̀rọ̀, ó kàn wo àwọn tó ń pariwo lẹ́yìn. Kíláàsì rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ọjà la wà ni?” Ó yé ọgọ́ta ọmọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kì í ṣe ìbéèrè ni, pé ẹ dákẹ́ ló ń wí. Ó ní, “Ẹ mú ìwé yín,” ó tún yé wọn pé ìwé ìṣirò ni, nítorí agogo ìṣirò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Pé kí wọ́n ṣí i sí ojú ewé tuntun, kí wọ́n kọ déètì sókè, kí wọ́n sì máa wo pátákó. Nínú nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ẹyọ kan ló fẹnu sọ. Ojú àti àṣà ló bá a sọ ìyókù. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà láàárín wọn tó mú ìwé rẹ̀ lóòótọ́, tó gbé e dání, tó sì dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó mú ìwé, ó ti mú un. Ọmọ yìí kan náà ni, nígbà tí olùkọ́ béèrè bóyá ọjà ni wọ́n wà, tó dáhùn ketekete pé, “Rárá, iléèwé ni.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ojú olùkọ́ sì le.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Kì í ṣe àrùn tó ń ranni, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ ń dàgbà bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Láti inú oyún ni ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbà dàgbà ti yàtọ̀: bó ṣe ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, bó ṣe ń ka ojú àti ìṣe ẹlòmíràn, bí ariwo àti ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára rẹ̀, àti bó ṣe ń di ohun tó ti mọ̀ mú ṣinṣin. Kò rí bákan náà lára ọmọ méjì. Òmíràn kò ní fẹnu sọ̀rọ̀ rárá. Òmíràn á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé. Òmíràn nílò ẹni tí yóò máa bá a wọṣọ. Òmíràn á gba ipò kìíní nínú ìṣirò kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọnú eré àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní 2021, nínú ènìyàn 127 káàkiri ayé, ẹnì kan ní in. Ẹ fi iye yẹn wọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní ọmọ 500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin. Olùkọ́ tó bá ti kọ́ni fún ogún ọdún ti kọ́ wọn rí, ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Èrò tèmi ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní agídí, àfojúdi tàbí òpè lára àwọn ọmọ yìí, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò di odindi ni. Iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti sọ odindi rẹ̀, kì í ṣe láti máa dúró de ọmọ títí yóò fi kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ àbọ̀.

A kì í ṣe ìran tó ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá tó gbàlejò kò ní sọ fún ọmọ rẹ̀ pé má gba ẹran yẹn; á ṣẹ́jú sí i lásán. Bí ọmọ bá gbọ́ ohun tí ojú yẹn wí, a ní ó mojú. Bí kò bá gbọ́, a ní kò mojú, kò mọra, a sì ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹlẹ́bi. Ìmojúmọra yìí gan-an ló ṣòro fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nílé wa, ìwà ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ dá a lẹ́bi kó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú kan ọpọlọ. Àmì tí dókítà òyìnbó sì máa ń tètè wò, pé ọmọ kì í wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Tiwa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró ni à ń bá wí. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè wolẹ̀ tí olùkọ́ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì yìn ín pé ó lẹ́kọ̀ọ́. Ibi tó ti ń hàn lọ́dọ̀ wa ni ìkíni: ọmọ tó kọjá lára ọ̀gá iléèwé láàárọ̀ láìkúnlẹ̀, láìdọ̀bálẹ̀, láìtilẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé igi ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan kan tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè rí. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa ọmọ 11 tó ń tọ́jú. Ìròyìn yẹn ló mú kí ayé mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú wọn ń dá ọ̀rọ̀ padà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, tó fi jẹ́ pé “ìwọ” ni wọ́n ń pe ara wọn níbi tó yẹ kí wọ́n ti sọ pé “èmi”. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ju pé ó dún bákan létí lọ. Ẹ wá gbé e wọ inú èdè tiwa. Lánàá, àǹtí tó ń kọ́ wọn bi ọmọ pé, “Ṣé o fẹ́ mu omi?” ó sì bu omi fún un. Lónìí òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà, ó dìde, ó lọ bá àǹtí tó tó ìyá rẹ̀ í bí, ó ní, “Ṣé o fẹ́ mu omi?” Ohùn àǹtí gan-an ló fi sọ ọ́, bó ṣe gbé e sókè sílẹ̀ lánàá. Lójú gbogbo kíláàsì, ó fi “o” bá àgbà sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé wa, ìgbájú ló kàn. Bẹ́ẹ̀ omi ló ń tọrọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ti bá a mú omi wá rí tọrọ rẹ̀. Ní 1981, Barry Prizant àti Judith Duchan tẹ etí sí irú àdápadà ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe fún wọn: wọ́n ń fi dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń fi béèrè nǹkan, wọ́n ń fi gba ara wọn níyànjú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ayékòótọ́ lásán ni. Ohun tó yẹ kí àǹtí ṣe kò le. Kó fi odindi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, láìbínú: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mu omi.” Kí ọmọ tún un sọ, kó sì rí omi gbà lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣe é ní ogún ìgbà, ọmọ á ní gbólóhùn tuntun, ọ̀wọ̀ á sì ti wà nínú rẹ̀.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ wo iléèwé ìjọba kan láàárín ìgboro Ìbàdàn tàbí Agége ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Rímù ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi ni agogo, irin ni wọ́n fi ń lù ú. Kíláàsì tó múlé gbè é ń fi orin ka ìsọdipúpọ̀ oníméje, ògiri tó sì pín wọn níyà kò kan àjà. Ẹ̀rọ ẹni tó ń lọ ata ń ké lójú títì. Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ó tán. Ọpọlọ àwọn ọmọ yòókù ń sẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ohùn olùkọ́ ń bọ́ sísàlẹ̀, pàǹtí ń kù lókè. Asẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ojú aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ọrùn yunifọ́ọ̀mù tó ń yún un bí wèrèpè. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì Colorado State, tó ní ọ́tísíìmù láti kékeré, ti fi ìró agogo iléèwé rẹ̀ wé ẹ̀rọ dókítà eyín tó kan iṣan. Ọdún 2013 ni ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá ọ́tísíìmù mọ̀ tó wá fi irú nǹkan yìí sáàárín àwọn àmì tí wọ́n ń kà; àwọn tó ń jìyà rẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Àwọn ọmọ míì tún wà tó jẹ́ òdìkejì ni tiwọn: ara wọn kì í tètè gbọ́, wọ́n á máa yí kiri, wọ́n á máa mì síwá sẹ́yìn, wọ́n á máa fi ọwọ́ lu afẹ́fẹ́, kí ara lè balẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ohun tó ń mú wọn dúró ló gbà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí igbá bá kún, á ṣàn. Ọmọ á kígbe, á di etí, á wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, tàbí kó sá jáde pátápátá. Olùkọ́ ní ìpáǹle ni. Ọ̀nà kan wà láti fi mọ ìyàtọ̀. Ọmọ tó ń sunkún nítorí bisikíìtì máa ń yọjú wò bóyá ẹ ń wo òun. Ẹ fún un ní bisikíìtì, ẹkún tán. Èyí tí ariwo ti kún dé ọrùn kì í wo ẹnikẹ́ni, bisikíìtì kò sì ràn án. Ibi tí ó dákẹ́ ló ń fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ọ̀rọ̀ sì dín kù. Ẹ̀kọ́ tàbí ìbáwí kankan kò lè wọlé ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìṣáájú ìṣẹ́jú yẹn ni ọgbọ́n wà: kí ìjókòó rẹ̀ jìnnà sí fèrèsé ojú títì, kí ẹnì kan sọ fún un pé agogo fẹ́ lù, kó sì ní àmì kan tó lè fi hàn olùkọ́, bóyá páálí pupa kékeré kan, tó túmọ̀ sí pé ẹ jẹ́ kí n jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹni tó ti kọ́ni pẹ́ á sọ pé àwáwí ni gbogbo èyí. Pé àwọn tó tọ́ wa kò mọ ọ́tísíìmù, pàṣán ni wọ́n mọ̀, a sì yege. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ẹni tó ń sọ ọ́ kò parọ́ nípa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹgba tó lè kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣe, kó mọ ohun tó yẹ kó ṣe dípò rẹ̀, kó sì lágbára láti ṣe é. Ọmọ tó fi “o” tọrọ omi kò mọ ohun tó ṣe. Èyí tó gbé ìwé dání tó dúró kò mọ ohun tó kù. Èyí tó di etí nítorí rímù ọkọ̀ kò lágbára lórí etí ara rẹ̀. Ohun tí pàṣán máa kọ́ wọn ni pé omi kò ṣeé tọrọ, àti pé iléèwé jẹ́ ibi tí nǹkan burúkú ti ń já lu ènìyàn láìnídìí. Àwọn míì á dákẹ́ lóòótọ́ lẹ́yìn ẹgba, olùkọ́ á sì ní ó ti ṣiṣẹ́; ọmọ tó dákẹ́ tí kò tọrọ omi mọ́ ni ó rí yẹn. Ní ti “a sì yege”, àwọn tó yege ló ń sọ ọ́. Àwọn tó kúrò níléèwé ní ìwé kẹta tí gbogbo ayé ń pè ní olódo, wọn kò sí níbi tí à ń sọ ọ́ láti jẹ́rìí.

Àwọn mìíràn kò ní pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní emèrè ni, tàbí ọwọ́ ayé, tàbí pé ìyá rẹ̀ ṣe ohun kan nígbà oyún. A ti ní òwe nílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀: ọmọ tó dára ti bàbá ni, èyí tí kò dára ti ìyá ni. Kí a má rò pé àwa nìkan ni. Àwọn dókítà òyìnbó náà di ẹrù yìí lé ìyá lórí fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Bruno Bettelheim ní Chicago kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1967 tó fi tẹnu mọ́ ọn pé òtútù inú ìyá ló lé ọmọ wọnú ara rẹ̀. Ìbejì ló tú u fó. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ní London kó ìbejì 21 jọ tí ó kéré tán ọ̀kan nínú ìkọ̀ọ̀kan ní ọ́tísíìmù. Nínú 11 tó jọra bí ìmumu, tí wọ́n ti inú ẹyin kan wá, mẹ́rin ni àwọn méjèèjì jọ ní in. Nínú 10 tí ẹyin wọn yàtọ̀, kò sí ìkankan. Ìyá kan náà ló tọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé yálà wọ́n jọra tàbí wọn kò jọra. Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ìyá ló fà á, kò yẹ kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ìwádìí tó pọ̀ ju èyí lọ ti tẹ̀ lé e, ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ sì ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ o, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń jà láàárín àwọn ìyá. Ìròyìn 1998 tó dá a sílẹ̀, ọmọ 12 péré ló dá lé, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde sì ti fa á padà ní 2010. Ní 2019, ìwádìí lórí ọmọ tó lé ní 650,000 ní Denmark kò rí ìsopọ̀ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n mú ọmọ kúrò níléèwé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dè é mọ́lẹ̀ torí pé olùkọ́ ní ó ju agbára òun lọ.

Ìbéèrè kan ṣì wà tó yẹ ká dáhùn tọkàntọkàn: kí ló dé tó fi jẹ́ olùkọ́ ló máa yí padà, tí kì í ṣe ọmọ? Ayé yìí kò ní máa sọ odindi ọ̀rọ̀ fún un. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò ní ṣe é, ìdílé àna kò ní ṣe é. Damian Milton, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ní ọ́tísíìmù, yí ìbéèrè yìí padà ní 2012. Ó ní àìgbọ́ra-ẹni-yé kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹni tó ní ọ́tísíìmù kò ṣe mọ inú àwa yòókù, bẹ́ẹ̀ làwa náà kò mọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n ń kọ ìwé àìsàn fún. Catherine Crompton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh dán an wò ní 2020. Wọ́n to ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ìtàn, ó sọ ọ́ fún ìkejì, ìkejì fún ìkẹta, títí dé ìkẹjọ. Ní ìlà tí gbogbo wọn ti ní ọ́tísíìmù, ìtàn dé òpin dáadáa bíi ti ìlà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní in. Ìlà tí wọ́n pò pọ̀ ni ìtàn ti ń tètè já. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní 300, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2025, ìlà alápòpọ̀ náà kò kẹ́yìn mọ́. Nítorí náà mi ò ní gbé gbogbo ẹrù mi lé ìdánwò ti àkọ́kọ́. Ohun tó dúró nínú méjèèjì ni pé àwọn tó ní ọ́tísíìmù ń gbé ọ̀rọ̀ fún ara wọn bí ẹnikẹ́ni ṣe ń gbé e. Ẹnu wọn kò ti, etí wọn kò dí. Lójú tèmi, inú ọ̀nà tí à ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀ ni ìṣòro wà. Olùkọ́ ló dàgbà, òun ni wọ́n ń sanwó fún, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rìn. Bó bá sì ti sọ odindi ọ̀rọ̀ fún ọmọ títí, ó lè wá máa kọ́ ọ ní àbọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń kọ́ni lédè àjèjì.

Báwo la ṣe ń sọ odindi ọ̀rọ̀ nínú kíláàsì? Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń fò lọ. Ohun tó bá wà lójú kò lọ ibì kan. Lórí ìyẹn ni Eric Schopler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina gbé ètò ẹ̀kọ́ wọn kà, èyí tí ìpínlẹ̀ náà gbà wọlé ní 1972: kí ọmọ máa fojú rí ibi tí nǹkan wà, ohun tó kàn, iye iṣẹ́ tó kù, àti ìgbà tó máa parí. Ní 2021, Kara Hume àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín 1990 sí 2017 wò, wọ́n mú ọ̀nà 28 jáde tí ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́, àfihàn ojú sì wà nínú wọn. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń wí. Ẹ gé páálí ìndómì sí wẹ́wẹ́. Ẹ ya agogo sórí àkọ́kọ́, ìwé àti nọ́ńbà sórí ìkejì, abọ́ oúnjẹ sórí ìkẹta, bọ́ọ̀lù sórí ìkẹrin, ilé sórí ìkẹyìn. Ẹ so wọ́n rọ̀ lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì ọmọ láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá parí, ọmọ á já a, á jù ú sínú agolo. Ó lè rí i pé ilé kù sẹ́yìn, pé kò ní sùn síléèwé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé eré ọmọdé lèyí, ẹ ronú bó ṣe máa ń rí lára yín nínú ọkọ̀ tó dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín ìdí tàbí ìgbà tó máa gbéra. Bí ìyípadà bá sì wà nínú ètò, bí àpẹẹrẹ tí olùkọ́ ìṣirò kò wá, kí ẹnì kan yí páálí náà padà lójú ọmọ kí agogo tó lù.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí olùkọ́ pe orúkọ ọmọ kó tó sọ̀rọ̀, nítorí “gbogbo yín” lè má kàn án lójú tirẹ̀. Kó sọ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kó dúró, kó ka mẹ́wàá nínú ara rẹ̀, kó tó tún un sọ. Kó sọ ohun tó fẹ́, kì í ṣe ohun tí kò fẹ́: “máa rìn” dára ju “má sáré” lọ. Òwe kò léèwọ̀, ṣùgbọ́n kó túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé náà. Fún àwọn tí kò sọ̀rọ̀, ọ̀nà kan wà tí Andy Bondy àti Lori Frost bẹ̀rẹ̀ ní Delaware ní 1985: ọmọ á gbé àwòrán ohun tó fẹ́ lé olùkọ́ lọ́wọ́, olùkọ́ á sì fún un ní nǹkan náà. Ti ìkíni, ìtàn kékeré tí Carol Gray, olùkọ́ kan ní Michigan, gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 bá a mu dáadáa. Ẹ kọ ọ́ ní orúkọ ọmọ: “Láàárọ̀ mo máa ń rí ọ̀gá iléèwé ní ẹnu géètì. Àwọn ọmọ máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Bí mo bá kúnlẹ̀, inú wọn máa ń dùn. Màá gbìyànjú láti kúnlẹ̀ kí n sì sọ pé, Ẹ káàárọ̀, mà.” Ẹ jọ kà á láràárọ̀. Ohun tí àwọn ọmọ yòókù fi ojú jí kọ́, ọmọ yìí lè fi ìwé kọ́ ọ, kó sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Ohun tí ọmọ bá fẹ́ràn dé góńgó náà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ara dánfó ló ń há sórí, ẹ fi ṣe ìṣirò. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló gbé Temple Grandin yìí sókè: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú màlúù dúró ló gba ọmọbìnrin náà lọ́kàn, dípò kí olùkọ́ náà lé e dànù, ó ní kó lọ ka sáyẹ́ǹsì tó máa fi mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Mo tún dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọbìnrin. Ọkùnrin ni wọ́n ń rí ọ́tísíìmù lára wọn jù, ó sì jọ pé apá kan ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń mọ bí a ṣe ń bò ó. Nílẹ̀ wa, ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀, tó jókòó síbì kan láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́ là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó ti lóye ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Olùkọ́ tó ń ka èyí lè máa kanra. Ọmọ ọgọ́ta, ẹyọ ṣọ́ọ̀kì kan, owó oṣù tó pẹ́, wọ́n tún ní kí n máa gé páálí fún ọmọ kan. Ó tọ́ kó kanra. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yìí: èwo nínú wọn ni kò ní ṣe àwọn 59 yòókù láǹfààní? Ètò ọjọ́ tó wà lára ògiri, àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan, òwe tí wọ́n túmọ̀, ìkìlọ̀ kí agogo tó lù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé tí kò tíì gbọ́ ẹ̀ka èdè wa á lò ó, èyí tí etí rẹ̀ wúwo á lò ó. Àwọn ọmọ kíláàsì fúnra wọn sì lè ṣe ìdá kan nínú iṣẹ́ náà: kí ọmọ méjì tó nínúure máa jókòó tì í, kí wọ́n máa fi ìka hàn án ibi tí wọ́n ti ń kà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ojúsàájú ni, pé kí ló dé tí ọmọ yìí fi lè jáde nígbà tó bá fẹ́, ẹ bi í bóyá ojúsàájú ni kí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa máa lo gíláàsì ojú. Mo gbà pé ibi kan wà tí páálí kò dé. Ọmọ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tí kò tíì lè lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè dá a gbé. Àwọn ibùdó aládàáni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, owó wọn ló ń lé àwọn òbí padà. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Buhari, Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama, ó sì ní kí iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa wọn. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011. Òfin 2019 yẹn ni kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n béèrè òṣìṣẹ́ yẹn.

Kí ẹni yẹn tó dé, ìdánwò ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń ṣọṣẹ́ jù láìsí ẹni tó rí i. Ẹ wo ìbéèrè kan tó lè wà nínú ìwé ìdánwò kíláàsì kẹta: “Ǹjẹ́ o lè sọ orúkọ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́?” Ọmọ tó mọ gbogbo olú-ìlú ìpínlẹ̀ 36 lórí kà á, ó rò ó, ó kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” síwájú rẹ̀. Olùkọ́ fa ìlà pupa, òdo. Bí olùkọ́ náà bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó pa ìlà kan rẹ́, tó kọ ọ́ báyìí: “Kọ orúkọ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ síhìn-ín,” ọmọ kan náà á kọ Ìbàdàn.